Ẹni Tó Ya Ọkọ̀ Kìíní

Mo parọ́ níwájú ìgbìmọ̀, n kò sì mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Mo dìde dúró, mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo fi orúkọ Olúwa mi búra pé bàbá mi, Ọmọ́wálé Ògúnmọ́lá, ni ó ya àwòrán ọkọ̀ ìgbafẹ́ onígbòkun tí ìdílé wa kọ́kọ́ kàn ní etí omi Bàríga ní ọdún 1934.

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá, bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ọdún wo ni wọ́n bí bàbá yín?"

"Ọdún 1927, sà." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ ọdún méje! Ó kan ọkọ̀ tán, ó sáré padà sí jẹ́léósinmi!"

Mo jókòó. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Fọlá Àgòrò, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láti ọdún méjìdínlógún. Mo ti na ọmọ nítorí irọ́ rí. Ọjọ́ náà ni mo mọ bí ojú ọmọ náà ṣe gbóná tó.

Ọdún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni. Gbogbo nǹkan di tuntun: alága tuntun, fáìlì tuntun, ìgbìmọ̀ tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ náà ni wọ́n ní kó tún etí omi ṣe, kí ó sì wó ibikíbi tí kò bá ní onílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára páànù ibi ìkankọ̀ wa, níbi tí àbúrò mi Babájídé àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́rin ti ń jẹun. Wọ́n ní òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pẹ́rì ló ni ibẹ̀, pé òun ló ya àwọn ọkọ̀ náà, òun ló kàn wọ́n, àti pé nígbà tó padà sílùú rẹ̀ ní 1951, ibẹ̀ ti di ti ìjọba.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, ó gbé ìwé ilẹ̀ àtijọ́ kan sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ bò ó. Ó ní, "Orúkọ kan wà nínú ìwé yìí, láti ọdún 1933. Ẹni tó ń ya ọkọ̀ ni wọ́n fún ní ilẹ̀ náà. Orúkọ yẹn kì í ṣe Pẹ́rì, kì í sì í ṣe Ògúnmọ́lá. Bí ìdílé yín ló bá ni ibẹ̀ lóòótọ́, ẹ ó mọ orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ẹ lọ wádìí rẹ̀ wá. Bí ti ẹnu yín bá bá ti inú ìwé mu, ọ̀rọ̀ parí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wádìí. Mo lọ bá Bàbá Awwal, tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, nítorí pé bàbá rẹ̀ ló máa ń tẹ ìwé eré ìje ọkọ̀ fún àwọn òyìnbó. Ó tú àpótí mẹ́ta, eruku mú wa sín títí omi fi bọ́ lójú wa. A rí ìwé eré ìje ọdún 1938. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Pẹ́rì ló yà á, Pẹ́rì ló kàn án. Mo wá àwọn arúgbó gbẹ́nàgbẹ́nà kiri. Ẹni tó rántí kò gbọ́ràn mọ́, ẹni tó ń gbọ́ràn kò rántí.

Lẹ́yìn náà ni Màmá Sabina fún mi ní ìwé rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Màmá Sabina, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, ó ń gbé ní Abúlé Òkúta. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun nìkan ló mọ̀wé kọ nínú ilé náà, òun ni ó sì ń kọ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó bá ti wọ omi. Lójú ewé kìíní, pẹ̀lú lẹ́tà tó dúró gbọn-in bí ọmọ iléèwé míṣọ́nnárì, ó kọ ọ́ pé: *Ọkọ̀ kìíní, 1934. Ọkọ mi ló kàn án. Adúmáadán ló yà á.*

Adúmáadán. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí obìnrin bá dé ilé ọkọ, kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé. Á sọ wọ́n ní orúkọ tó wù ú. Àbúrò ọkọ Màmá tí mo mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ, òun ni bàbá mi, ó sì dúdú, ó ń dán. Mo bi Màmá pé, "Bàbá mi ni Adúmáadán, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ó dákẹ́. Mo rò pé arúgbó ti sùn. Mo dì í mú pé bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀ kò jẹ́ kí n ṣírò ọdún.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé iwájú ìgbìmọ̀ tí mo búra. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá ní, "Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, kátapílà ń bọ̀." Ọjọ́ Ajé la wà.

Nígbà tí a dé ìta, Babájídé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò!"

Mo gba Abúlé Òkúta lọ tààrà. Màmá Sabina jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, ẹ kò sọ fún mi pé kì í ṣe bàbá mi."

"O bi mí ni?"

"Mo bi yín. Ẹ dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Ṣé dídákẹ́ ni bẹ́ẹ̀ ni? Ta ló fi ẹ́ ṣe tíṣà?" Ó ju òkúta kan síta. "Nígbà tí mo wọ ilé yìí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá ẹ. Ó ń tọ̀ sórí ẹní. 'Ọkọ mi kékeré' ni mo ń pè é."

"Ta wá ni Adúmáadán?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ọkọ mi ló dàgbà jù, òun ló tẹ̀ lé e, bàbá ẹ ni àbíkẹ́yìn."

N kò gbọ́ ọ rí. Ní gbogbo ayé mi, ọmọ méjì ni wọ́n sọ fún mi pé bàbá àgbà wa bí. Màmá sọ fún mi pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lo bébà rí. Bí omi bá fà, á sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn tútù pẹ̀lú okùn àti igi, á ya ọkọ̀ náà bí ó ṣe máa gùn gan-an àti bí ó ṣe máa fẹ̀ gan-an. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà á gbé pákó lé ìlà náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi bá a mu, wọ́n á máa sáré kí omi tó padà dé. Bí omi bá dé, ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Pẹ́rì ńkọ́?"

"Pẹ́rì! Bí ọkọ̀ bá parí ni Pẹ́rì ń dé pẹ̀lú téèpù àti bébà, á wọ̀n ọ́n, á yà á, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. A rò pé eré ni."

Ní 1936, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọkọ̀ kẹta sórí omi láti dán an wò. Ìjì dé. Wọ́n rí ọkọ̀ náà ní ọjọ́ kejì, wọ́n rí òun ní ọjọ́ kẹrin. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò ní aya, kò bímọ. Ìyá wọn kó gbogbo aṣọ rẹ̀ fún àlejò. Ó ní ọmọ tó ṣáájú òun lọ ti jà òun lólè, ẹnikẹ́ni tó bá tún pe orúkọ náà ní etígbọ̀ọ́ òun, ìpínyà dé. Wọn kò sì pè é mọ́.

"Kí ni orúkọ náà, Màmá?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ aṣọ.

"Ọkọ mi," ni ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ń pe gbogbo ọmọ ilé náà bó bá ń ṣìkẹ́ wa, "n kò pè é nígbà tó wà láàyè. Ṣé ìgbà tó kú ni n ó wá pè é?"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ẹ má pè é."

"Ẹnu tó pè é àti ọwọ́ tó kọ ọ́, ṣé kì í ṣe ẹnìkan náà ló ni wọ́n?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ nípa Babájídé àti àwọn mẹ́rin náà, àti àwọn ọmọ wọn. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí àgbà. Mo ní bí wọ́n bá wó ibẹ̀, òun ló wó o.

Kò bínú. Ó kàn gbé igbá ẹ̀wà rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo máa ń ru oúnjẹ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ọmọ ẹ. Má fi ilé ọkọ mi dẹ́rù bà mí." Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ akọ̀wé kí ó gbé àwọn ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìsìnkú jáde. Mo ka láti 1910 títí dé 1940. Mo rí ìrìbọmi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Abíọ́lá. Mo rí ti bàbá mi. Láàrin àwọn méjèèjì, kò sí ẹnikẹ́ni. Ní 1936, wọ́n sin ènìyàn mọ́kànlá, kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin kankan tó ti inú omi wá. Ó dà bí ẹni pé wọn kò bí i rí.

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, mo kúnlẹ̀ láàrin àwọn bẹ́ńṣì. Láti kékeré, bí ọ̀rọ̀ bá dé bá mi, orin kan máa ń wá sí mi lẹ́nu kí àdúrà tó wá. Lọ́jọ́ náà, mo ṣí ẹnu, orin kò wá. Mo ní, "Baba, ìwọ tí o mọ iye irun orí, ìwọ tí o ka ológoṣẹ́, orúkọ kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún." Ológbò kan ké lábẹ́ àga. Mo dìde.

Ní Ọjọ́rú, mo bá Babájídé lórí òrùlé ibi ìkankọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú páànù. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ kan tí wọn kò tíì kàn tán dúró lórí igi, egungun rẹ̀ hàn síta bíi ti ẹja tí wọ́n jẹ tán. A kò lè gbé e lọ síbì kankan.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kó páànù mi kí kátapílà tó lọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́. Ẹ mú orúkọ kan, ẹ sọ ọ́. Dáníẹ́lì, Jóṣúà, èyíkéyìí. Ó lè bọ́ sí i."

"Babájídé."

"Ta ló máa mọ̀? Òkú kò ní dìde wá jẹ́rìí."

Kí n má purọ́ fún yín, mo rò ó. Mo jókòó sórí pákó, mo mú bírò, mo kọ orúkọ mẹ́sàn-án tí Kìrìsìtẹ́nì lè sọ ọmọ rẹ̀ ní àkókò náà, mo sì ń yan láàrin wọn bí ẹni ń yan tòmátì. Ìgbà tí mo dé èkejì ni mo fi bírò sílẹ̀. Mo ti búra èké lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀. Ó wá ku kí n mọ̀, kí n tún búra. Mo fa bébà náà ya.

Babájídé wò mí, ó padà sórí òrùlé, ó ń tú páànù lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tún lọ sí Abúlé Òkúta, kì í ṣe pé mo ní ìrètí. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ ni. Mo bá Màmá Sabina lórí àga, ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun tó fi ń gba oúnjẹ Olúwa, ó di gèlè, ó gbé ọ̀pá lé itan.

"O pẹ́," ni ó wí. "Mú mi lọ."

"Ṣé ẹ ó sọ ọ́, Màmá?"

"Mo ní mú mi lọ."

Nínú takisí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ sí mi létí, kó má baà jẹ́ pé ojú gbogbo ayé ni. Ó yí ojú sí fèrèsé.

Gbọ̀ngàn kún ju ti ọjọ́ Ajé lọ, Babájídé sì ti dé síbẹ̀ dè wá. Ó dà bí ẹni pé wọ́n wá wo eré. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá rí Màmá, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ó ní kí wọ́n gbé àga fún un. Màmá kò jókòó.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀. Ta ló ya ọkọ̀ kìíní?"

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Màmá di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí akọ̀wé létí bó bá nira."

"Rárá," ni ó wí. "Bí mo bá máa ṣẹ̀, n kò ní ṣẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀."

Ó gbé ọ̀pá fún mi. Ó di etí tábìlì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Mo sáré láti gbé e dìde, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. Eékún rẹ̀ kan ilẹ̀, ìró rẹ̀ sì dún débi tí àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́. Kò kọjú sí alága. Ó kọjú sí ìhà ibi tí omi wà.

"Ọkọ mi," ni ó wí, "Adúmáadán, ẹ foríjì mí. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo ti wọ ilé yín. N kò rí yín fín rí." Ó wá yí ojú sí alága. "Ràmọ́nù ni orúkọ rẹ̀."

Ràmọ́nù! Nínú ilé wa? Ilé tí a kì í ti jẹun láìgbàdúrà sí Jésù, ilé tí ìwé ìrìbọmi kún inú àpótí? Mo mọ̀ nígbà náà pé ọpọlọ arúgbó ti ṣìnà, pé ó ti dárúkọ aládùúgbò kan tàbí onípákó kan láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Mo di ojú mi. Mo gbọ́ tí Babájídé ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó gbé ẹrù. Mo ní, Baba, ó ti parí.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé. Ó pẹ́.

"Ràmọ́nù," ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàlá kà jáde, jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ń ya ọkọ̀, Bàríga. Ọdún 1933." Ó yí ìwé náà sí wa kí a fi ojú ara wa rí i. "Ẹ gbé Màmá dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Màmá dìde."

Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ìdílé Ògúnmọ́lá ló ni ilẹ̀, pé kí wọ́n fi ọ̀dà mìíràn pa àmì pupa náà rẹ́. Babájídé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ń sáré lọ sí etí omi láti dá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń bá a tú páànù dúró.

Èmi àti Màmá jókòó lórí bẹ́ńṣì níta, nítorí eékún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn. Mo fi ọwọ́ pa á fún un.

"Mùsùlùmí ni, Màmá?"

"Mùsùlùmí ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n ti ìlú Mákun dé síbí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fa bàbá ẹ lọ́wọ́ lọ. Adúmáadán ní òun kò lọ, wọn kò sì jà. Bó bá kírun tán láàárọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ó máa ń bi mí pé, 'Ìyàwó, ṣé ó gún?' Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Á ní ojú ẹni tí kò mọ̀ ló ń rí i."

Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Fadékẹ́."

"Mà."

"Bí mo bá dé òkè ọ̀hún, ìyá ọkọ mi ni n ó kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n. Yóò bi mí pé ta ló ní kí n pe ọmọ òun."

"Ẹ sọ pé èmi ni, Màmá."

"Ìwọ tí kò mọ̀ rí? Ó máa ní mo ń parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì já sí ẹkún ní àyà rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Gbogbo ẹsẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí mo fi ń kọ́ ọmọ láti ọdún méjìdínlógún, mo wá ọ̀kan tí n ó fi dá a lóhùn, n kò rí.